Gáádínà Ọ̀mùtí: Ìrírí Mi Nínú Ópẹ́rà Mozart

Ìlà mẹ́rin ni wàhálà mi nínú eré yẹn. Gbogbo ohun tí mo kọ lórí ìtàgé kò pọ̀, nítorí ipa kékeré ni wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tí a pààrọ̀ lọ pààrọ̀ bọ̀, tó fi jẹ́ pé ìyàwó mi àti àwọn ìbejì wa ti mọ̀ ọ́n sórí kí èmi tí mo ni ín tó mọ̀ ọ́n.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kọ báàsì nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òyìnbó obìnrin tó ń tẹ ọ́gáànù fún wa ló bá mi lọ́jọ́ kan pé ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń ṣe ópẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin sọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pé wọ́n ń fi ojú méjèèjì wá ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san. Ó ní èmi ni màá sanwó, owó ẹgbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Iṣẹ́ wo ni èèyàn ń sanwó fún kó tó ṣe é? Àmọ́ mo lọ. Mo jókòó sẹ́yìn nínú họ́ọ̀lù kan tó tutù bíi inú fíríìjì, mo gbọ́ bí àwọn mẹ́fà ṣe ń bára wọn jà nínú orin láìsí ẹni tó ṣi ohùn, ọ̀rọ̀ àtipadà sílé sì kúrò lọ́kàn mi.

Eré náà ni wọ́n ń pè ní The Marriage of Figaro. Mozart ló kọ orin rẹ̀, Lorenzo Da Ponte ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Ítálì, Vienna ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1786. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọọ̀dọ̀ méjì ni ìtàn rẹ̀ dá lé, Figaro àti Susanna. Ọ̀gá wọn, ìjòyè ńlá kan tó ń jẹ́ Almaviva, ti fojú sí ìyàwó. Ìyàwó ọ̀gá mọ̀, Figaro mọ̀, gbogbo ilé mọ̀. Ọmọkùnrin kan tún wà nínú ilé náà, Cherubino, tí ọ̀rọ̀ obìnrin ń pa bí ọtí. Obìnrin ló máa ń kọ ipa rẹ̀, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá wọ aṣọ obìnrin fún un láti fi tan ọ̀gá jẹ, obìnrin tó ń ṣe bí ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin lẹ ń wò yẹn. Ọmọ yìí ló gba ojú fèrèsé yàrá ìyàwó ọ̀gá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá fẹ́ ká a mọ́bẹ̀, orí òdòdó gáádínà ló sì balẹ̀ sí. Gáádínà ti mutí yó. Ó gbé ìkòkò òdòdó tó ti fọ́ dání, ó já wọlé, ó fẹ́ fẹjọ́ sùn. Èmi ni gáádínà. Antonio lorúkọ mi.

Ìjà àkọ́kọ́ tí mo bá nínú ẹgbẹ́ náà ni ìjà èdè. Àwọn kan ní Ítálì ni kí a fi kọ ọ́, bí Mozart ṣe kọ ọ́, pé ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ti ba orin jẹ́. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ń darí eré, ti lé ní 70 ọdún, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ sì ń pè bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹni. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. “Ọ̀gá” ni mo ń pè é. Nígbà tó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀ tí mo sọ fún un, ó ní kí gbogbo wọn máa pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yìí ló fi òpin sí ìjà náà. Ó ní àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wa, àwọn tó ń gbé òpópónà yìí ni, wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, èèyàn kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò yé e.

Kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Ilé eré Coliseum wà ní àárín Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, lọ́dọ̀ English National Opera, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń fi kọrin. Ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ náà kó débẹ̀ láti Sadler's Wells, níbi tí Lilian Baylis, obìnrin tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé kí tálákà náà máa gbọ́ ópẹ́rà ní èdè tó ń sọ. Mo lọ ra ìjókòó òkè pátápátá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ní ìsinmi, mo sì gbọ́ bí àwọn ará ìsàlẹ̀ àti àwa ará òkè ṣe bú sẹ́rìn-ín pọ̀. Ọ̀rọ̀ tán lójú mi.

Ohun tí mo wá kà lẹ́yìn ìgbà náà tún dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ. Jámánì ni àwọn ará Vienna tó kọ́kọ́ wo eré yìí ń sọ nílé. Ítálì ni wọ́n fi kọ ọ́ fún wọn. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe Susanna, Nancy Storace. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni Michael Kelly tó ṣe Basilio, olùkọ́ orin inú eré náà, àti adájọ́ akólòlò. Orí eré ọmọ Faransé kan, Beaumarchais, tí wọ́n ṣe ní gbangba ní Paris lọ́dún 1784, ni Da Ponte gbé tiẹ̀ kà. Olú-ọba Joseph Kejì kò jẹ́ kí wọ́n ṣe eré yẹn ní èdè Jámánì, torí bí ọmọọ̀dọ̀ ṣe ń fi ọ̀gá ṣẹlẹ́yà nínú rẹ̀. Nígbà tó di orin tán, tó di Ítálì tán, ó gbà. Àwa Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ pé ọba kì í pọ̀kọrin. Ohun tí mo ń sọ ni pé eré yìí kò ní èdè kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú ògbufọ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ta ni a fẹ́ lò? Ibẹ̀ ni a ti kọsẹ̀. Ẹnìkan nínú wa ní ìwé orin àtijọ́ kan nílé, èyí tí Edward Dent túmọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n orin ní Cambridge tó túmọ̀ bíi mélòó kan nínú ópẹ́rà Mozart sí Gẹ̀ẹ́sì. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Mozart kú ní 1791, Da Ponte kú ní 1838, ta ló tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni akápò wa tó ṣírò. Dent kú ní 1957. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò ní tán títí 70 ọdún yóò fi kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ògbufọ̀, òǹkọ̀wé lòun náà. A ní láti gbàyè, ká sanwó, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fún wa láàyè. Mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá fẹ́ máa tún ọ̀rọ̀ ṣe bí eré bá ṣe ń lọ, owó ẹgbẹ́ kò sì tó nǹkan. Ìyá àgbà kan nínú àwọn agbèrin, tó ti fi ẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ èdè Ítálì, ló na ọwọ́ sókè pé òun yóò túmọ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ kí ẹ tó kọ́ orin. Kí èèyàn kọ́ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ohùn kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó wá yọ ọ́ kúrò, kó fi òmíràn sí orí ohùn yẹn kan náà, ó le ju kó kọ́ tuntun lọ. Títí di alẹ́ ìkẹyìn ni Figaro wa ń fi ìdajì ìlà ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀, tá á fi ìdajì tuntun parí rẹ̀. Àwọn mìíràn nínú rẹ̀ tiẹ̀ bá ara wọn mu.

Ìgbà tí olùkọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ojú mi tó là sí ohun kan. Èdè Ítálì jọ Yorùbá. Fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń parí sí: amore, madre, giardino. Bíi ti wa náà nìyẹn: ìfẹ́, ìyá, ọgbà. Ẹnu á wà ní ṣíṣí, ohùn á máa lọ. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Love. Heart. Jumped. Wọn á kan ilẹ̀kùn mọ́ ohùn lójú. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fa “jumped” gùn lórí ohùn kan, kí ẹ wá wo ibi tí ètè yín máa dé. Abájọ tí àwọn bàbá wa fi máa ń fi fáwẹ̀lì kún un: búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀dì, bọ́ọ̀lù. A ò mọ̀ pé ohun tó rọrùn fún akọrin ni wọ́n ń ṣe. Èmi náà ṣe é nínú rìhásà, mo kọ “pot” bíi “pọ́ọ̀tù”, ọkùnrin tó ń jùpá síwájú wa sì dá gbogbo dùùrù dúró. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tirẹ̀ náà. Mo sọ fún un pé nílùú mi, awakọ̀ ló ń pàṣẹ fún kọ́ńdọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká tún un kọ, kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa.

Ìṣòro ìkómúpọ̀ ìró, ìyẹn kí ìparí ìlà dún bákan náà, tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ Ítálì, bó bá pe amore, core, dolore, ardore ti ń dúró dè é. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pe love, kí ló kù? Above, dove, glove. Àdàbà àti ìbọ̀wọ́! Nínú orin ìfẹ́, olùkọ́ wa kàn jẹ́ kí ìró lọ. Nínú àwàdà, kò jẹ́ kó lọ, torí etí a máa dúró de ìró kejì, bó bá sì dé, inú èèyàn á dùn kó tó mọ ohun tó fà á.

Ọmọ kúáyà Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ta ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa tí kò tíì kọ orin ìyìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn òyìnbó? Ohùn á gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ pe ọkọ̀ á rí i pé ọkọ́ ló pè, àwa á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ ọ́gáànù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì kọ orin tirẹ̀ tí ohùn ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì ohùn bíi tiwa, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Bí orin bá lọ tẹ ibòmíràn mọ́lẹ̀, “garden” á di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn rí. Mo ṣàlàyé èyí fún olùkọ́ wa níbi tíì. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní láti ọ̀la lọ, kí n máa ka gbogbo ìlà sókè fún òun kó tó di orin.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń dán ọ̀rọ̀ ópẹ́rà wò ní gáréèjì bọ́ọ̀sì. Nígbà ìsinmi, màá ka ìlà kan fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi tí wọ́n ti ń jẹun, láìsọ ohun tó jẹ́. Bí ẹnìkan bá gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀, ìlà yẹn dúró.

Ó wá ku ìlà mẹ́rin tèmi. Antonio wọlé nígbà tí ilé ti ń gbóná. Apá ibẹ̀ gùn tó 20 ìṣẹ́jú láìdúró, orin lórí orin: èèyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, méje ló parí rẹ̀. Ó ní láti ojú fèrèsé tó kọjú sí ọgbà, ojoojúmọ́ lòun ń rí oríṣiríṣi nǹkan tí wọ́n ń jù sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ṣé ó tún kù tó máa burú jù bẹ́ẹ̀, òun rí ọkùnrin kan tí wọ́n jù sílẹ̀. Bí Da Ponte ṣe kọ ìlà ìkẹyìn rèé: “vidi un uom, signor mio, gittar giù.” Sílébù mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹfà, ẹ̀kẹsàn-án ló wúwo. Ọkùnrin yẹn, uom, orí ẹ̀kẹta ló wà.

Olùkọ́ wa túmọ̀ rẹ̀ tààrà: “and a man, my good lord, was thrown down.” Sílébù mẹ́sàn-án, ó bọ́ sí orin gẹ́lẹ́, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ohun tí Da Ponte wí. Mo kà á ní gáréèjì. Ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé orí sókè pẹ̀lú ìyọ́nú, ó ní, “Ṣé kò fara pa?”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún wọn: àánú ni ìlà yín ń ṣe èèyàn. A pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé òmíràn wá, ó gùn jù. Òmíràn tún dé, mo ní kí wọ́n wá fi ẹnu ara wọn pè é kíákíá, kò sẹ́ni tó lè pè é. Níkẹyìn, Ọ̀gá bi mí pé bí ó bá jẹ́ ìlú mi ni, báwo ni gáádínà á ṣe sọ ọ́? Mi ò rò ó rárá. Mo dìde, mo gbé ife tíì dání bí ìkòkò òdòdó, mo ní: “Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń da pàǹtírí lé mi lórí. Tòní, èèyàn ni!”

Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní kí n túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ní “tòní” ló ṣáájú, kí èèyàn mọ̀ pé tòní yàtọ̀ sí tàná. Lẹ́yìn náà ni mo wá ju ohun tó yàtọ̀ náà sílẹ̀, “èèyàn ni”, mo sì pa ẹnu mi dé. Mi ò sọ pé wọ́n jù ú. Ta ni kò mọ̀? Ó mú pẹ́ńsù, ó ka ìka rẹ̀ lórí tábìlì, ó kọ: “and today, if you please, it's a man.”

Ẹ kà á. Mẹ́sàn-án ni. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹfà, ẹ̀kẹsàn-án. “Signor mio” ti di “if you please”, ìyẹn ọ̀wọ̀ tí gáádínà fi ń bú ọ̀gá rẹ̀. “Man” ti kúrò láàárín, ó ti dé ìparí, níbi tí ohùn ti ń balẹ̀ tí etí sì ti ń dúró dè é. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa ṣi ohùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì. Àwọn tó wá wò wá rò pé láti Ítálì lọ sí Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọn ò mọ̀ pé ó kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ wa.

Mo wá fẹ́ ṣe àṣejù. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ kí n tó pe “man”, bí àwọn aláwàdà wa ṣe máa ń ṣe, kí n jẹ́ kí ọkàn èèyàn fò sókè kí n tó sọ ọ́. Kọ́ńdọ́kítọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Mozart ti ṣírò àkókò náà fún mi, pé àwọn fáyólìn ń sáré lábẹ́ mi, wọn ò lè máa dúró de awakọ̀ bọ́ọ̀sì. A fa ọ̀rọ̀ yìí fún bí oṣù kan. Ohun tí mo rí nígbẹ̀yìn ni pé bí ohùn kò bá lè dúró, ojú lè dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, inú ìkòkò òdòdó mi ni mò ń wò, bí ẹni ń wo òkú ọmọ rẹ̀. Orí “man” nìkan ni mo gbójú sókè wo ọ̀gá. Èmi gbà báyìí pé Mozart ló jàre, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ọkùnrin náà.

Kì í ṣe gbogbo àwàdà inú rẹ̀ ló nílò irú làálàá bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Marcellina, tó fẹ́ fi gbèsè gba Figaro ṣe ọkọ, kó tó wá hàn pé òun gan-an ló bí i. Gbogbo wọn á wá máa bi ara wọn pé ìyá rẹ̀? Ìyá rẹ̀! “His mother” bọ́ sí orin náà láìsí wàhálà, kò sì sí èdè tí kò ní pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Michael Kelly ti bẹ Mozart pé kó jẹ́ kí òun máa kólòlò lọ nínú orin náà. Ẹ̀rù ba Mozart pé yóò ba orin jẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà fún un. Mo sọ èyí fún kọ́ńdọ́kítọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì.

Alẹ́ tó ṣáájú ìgbà tí a ó ṣí eré, a wọ aṣọ eré, a pe àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ díẹ̀ wá jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà wá láti máa gbé ọ̀rọ̀ orin sójú pátákó lókè ìtàgé, nítorí àwọn tí etí wọn kò já gaara mọ́. Toronto ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1983, nítorí orin tó wà ní èdè àjèjì. Àwọn ará Coliseum tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin náà gbé e wọlé ní 2005, àwọn kan sì bínú gidigidi. Mi ò mọ ohun tó ń bí wọn nínú títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wọlé, mo ya ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ ìlà kìíní. Ẹ̀rín bú. Mi ò tíì sọ nǹkan kan! Ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ọmọ yẹn gbé sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan náà; wọ́n ti kà á tán, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán, nígbà tí mo sì dé “man” tí mo gbójú sókè, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ti jẹ ẹran tán kí n tó yọ ọ̀bẹ.

Mo bínú débi pé mo fẹ́ẹ̀ bọ́ aṣọ eré. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì le: kí ìlà ìkẹyìn dá wà ní ojú ewé tirẹ̀, kó má jáde àfi bí mo bá ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ orin kà. Òyìnbó tó ń tẹ ọ́gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wá jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń fi ìka lù ú léjìká bí olùkọ́ ilé-ìwé. Iṣẹ́ ńlá ni, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé eré. Mo jà fún un, wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí i.

Ní alẹ́ kejì, èmi náà ṣe tèmi. Mo kà nínú ìwé pé Francesco Bussani, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe Antonio, òun náà ló ṣe dókítà Bartolo lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tó ń jáde tó ń pààrọ̀ aṣọ. Èmi tí mo kàn ń bá àwọn agbèrin kọrin láàárín ipa mi, aṣọ méjì péré, àpò wọn ṣì dàrú mọ́ mi lójú. Ó ní ìwé kan tí gáádínà máa ń fà fún ọ̀gá, tó ní ẹni tó bẹ́ ló jù ú sílẹ̀: ìwé tí wọ́n fi fi Cherubino jẹ oyè ológun. Ó ku bí ìṣẹ́jú méjì kí n wọlé ni mo mọ̀ pé ìwé náà wà nínú àpò aṣọ kejì, ní òdìkejì ìtàgé. Mo já ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà lára ògiri.

Ọ̀gá ilé gbà á, ó ṣí i. Nínú eré, ìyàwó rẹ̀ á yọjú wò ó láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀, á sọ fún Susanna, Susanna á sọ fún Figaro, kí Figaro, tó ti ní òun ló bẹ́, lè parọ́ tó máa bá a mu. Ìyàwó yọjú wò ó lóòótọ́. Orúkọ àwọn tó máa to òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù náà ló rí níbẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò ṣi ohùn, ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ló ń bà á, wọ́n sì yìn ín gan-an lẹ́yìn eré. Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Má dán an wò mọ́.” Ó wá yíjú sí ìyàwó ọ̀gá, ó ní kó máa gbọn èjìká bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ tó kù.

Ìyá ìyàwó mi, tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá wo àwọn ìbejì, ló wá ní alẹ́ Sátidé tó kẹ́yìn. Wọ́n wé gèlè. Ìlà kejì ni wọ́n jókòó sí, ẹni tó wà lẹ́yìn wọn sì rọra sún lọ sí àga mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì orin kò yé wọn, nítorí náà ìyàwó mi ń túmọ̀ rẹ̀ sí wọn létí. Mo rí orí méjèèjì láti orí ìtàgé. Mo kọ ìlà mẹ́rin mi. Mo gbójú sókè. Họ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dé lákòókò, tó sì dákẹ́ lákòókò. Ọ̀gá ilé ya ẹnu láti dá mi lóhùn.

Ìgbà yẹn ni ìtumọ̀ dé ọ̀dọ̀ Màmá.

“Èèyàn kẹ̀! Yéè! Ẹ gbà mí o!” Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu ìyàwó mi lẹ́sẹ̀. Ohùn ọ̀gá ilé gbọ̀n. Mo tẹ orí ba inú òdòdó, mo ń ṣe bí ọ̀mùtí tó fẹ́ bì, kí wọ́n má bàa rí ẹnu mi. Kọ́ńdọ́kítọ̀ kò dúró.

Nígbà tí a parí, Màmá ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ mà kú iṣẹ́ o. Ṣé ọtí gidi ni wọ́n fún yín mu?”

“Rárá o, Màmá. Omi lásán ni.”

“Ẹ ṣe bí ẹni mutí.” Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń bọ̀ láti òkè ilé, mo gbọ́ wọn lórí fóònù pẹ̀lú àbúrò wọn nílé, Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n sọ ti ilé ńlá, wọ́n sọ ti ọgbà, wọ́n sọ ti pàǹtírí tí wọ́n ń dà lé gáádínà lórí lójoojúmọ́. Wọ́n ní, ó wá di ọjọ́ kan báyìí. Wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn, irú èyí tí mo fi oṣù kan bẹ kọ́ńdọ́kítọ̀ fún. Wọ́n wá sọ pé èèyàn ni, mo sì gbọ́ ẹ̀rín àbúrò wọn láti inú fóònù títí dé orí àtẹ̀gùn tí mo wà.